Bí Àìsàn Òjijì Bá Dé Bá Ọkọ Tàbí Aya, Tí Owó Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti mọ ìwé kà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a fẹ́ bá yín sọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí a bá ṣiṣẹ́ lónìí, a ó rí owó lónìí. Bí ara kò bá yá, owó kò wọlé. Ọ̀pọ̀ wa kò sì tíì forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera. Nítorí náà, bí ọkọ tàbí aya bá ṣubú lójijì, ohun tí a kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Níbo ni a ó ti rí owó?" Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó ṣáájú. Ẹ̀mí ni ó ń ṣáájú owó.

Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

1. Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Ẹ wo ojú aláìsàn. Ṣé ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan? Ẹ ní kí ó gbé apá méjèèjì sókè. Ṣé ọ̀kan ń já wálẹ̀? Ẹ ní kí ó sọ̀rọ̀. Ṣé ahọ́n rẹ̀ wúwo? Bí ẹ bá rí ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yìí, ilé ìwòsàn yá. Ẹ má jókòó máa wá ẹni tí ó ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni ó dí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, tàbí kí iṣan náà bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó sábà máa ń fà á.

2. Ohun tí a ó ṣe

Ẹ wo aago. Ẹ kọ àkókò tí ó bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé. Oògùn kan wà tí ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n dókítà kì í sábà lò ó mọ́ bí ó bá ti ju wákàtí 4½ lọ. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán inú orí. Ẹ rí i pé kò sí àkókò láti fi ṣòfò.

Ẹ má fún un ní omi, oúnjẹ tàbí àgbo. Ó lè pá a lórí. Ẹ má fún un ní asipirínì. Bí iṣan bá ti bẹ́, ó lè dá kún ẹ̀jẹ̀ tí ń dà.

3. Ní ilé ìwòsàn

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó lè wí báyìí pé: "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi nìyí. Agogo 6 àárọ̀ ni ẹnu wọn wọ́, tí ọwọ́ ọ̀tún wọn kò gbé mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò nìyí."

Bí wọ́n bá ní kí ó lọ mú owó wá ná, kí ó fi pẹ̀lẹ́ dáhùn pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bá wa dóòlà ẹ̀mí wọn. A ń wá owó bọ̀."

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin Ìlera ti Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ní abala 20 pé ilé ìwòsàn kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kí ó fà á. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni o. Owó rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

4. Bí a ó ṣe wá owó

Ẹ ní kí wọ́n kọ iye owó nǹkan kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ kà á fúnra yín. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, ẹ bèèrè àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ aláìsàn tí kò lówó. Kì í ṣe ìtìjú.

Ẹ pe ẹbí jọ, kí ẹ sì sọ òtítọ́ fún wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ lọ sí ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ olówó èlé. Ẹ má sáré ta irin iṣẹ́ yín. Òun ni yóò bọ́ yín lẹ́yìn àìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tọ́jú aláìsàn, ẹ jẹun, kí ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà yín kí ẹ lè sùn. Bí ẹ̀yin náà bá ṣubú, ta ni yóò gbé ta ni?

5. Kí ó tó dé

Òfin ọdún 2022 sọ pé kí gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà ní adójútòfò ìlera. Ní Èkó, Ìlera Èkó ni wọ́n ń pe ti ìjọba ìpínlẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, OYSHIA ni. Ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó sanwó: Èló ni lọ́dún? Ọjọ́ wo ni ìtọ́jú yóò bẹ̀rẹ̀? Àìsàn wo ni kò sí nínú rẹ̀?

Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ọkọ àti aya. Bí ó bá ń jẹ́ 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà. Kì í sábà dunni títí yóò fi ṣe ọṣẹ́.

Ìbéèrè

1. Àmì mẹ́ta wo ni a ó wò lára aláìsàn?
2. Kí ni a kò gbọdọ̀ fún un?
3. Kí ni òfin ọdún 2014 sọ?

Iṣẹ́ ilé: Lálẹ́ òní, ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ yín, ti dírẹ́bà kan, àti ti ẹbí méjì. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti rí i.