Àmì Orílẹ̀-èdè Wa: Ṣé A Ti Wò Ó Dáadáa?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ alábàágbé wa kan ní Jikwoyi níbí mú iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá fún mi. Wọ́n ní kí ó ya àmì orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó yà á dáadáa, ṣùgbọ́n àwọ̀ ìyeyè ni ó fi kun òdòdó ìsàlẹ̀ rẹ̀. Olùkọ́ ní kò gbà á. Pupa ni ó yẹ kó jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo kùnà ni?"

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, láti 1960 ni àmì yìí ti wà, ó sì wà lára owó tí à ń ná lójoojúmọ́. Mélòó nínú wa ni ó lè kà á?

Apata dúdú àárín rẹ̀ dúró fún ilẹ̀ ọlọ́ràá wa. Ìlà funfun tí ó là á bí pàlàkà igi ni Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè, tí wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà. Ẹni tí ó bá gba Okene wá sí Àbújá ti gba orí afárá Odò Ọya kọjá, bí kò bá sùn lọ nínú ọkọ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kò sí adé ọba ìlú kankan lórí apata náà. Odò ni wọ́n yà, èyí tí àwa fi orúkọ aya Ṣàngó pè, tí àwọn Haúsá ń pè ní Kwara.

Ẹṣin funfun méjì tí ó dì í mú dúró fún iyì. Èyí kò ṣàjèjì sí Yorùbá: Ọ̀yọ́ Ilé fi ẹṣin jagun, àríwá ni ó sì ti ń rà wọ́n. Idì pupa òkè dúró fún agbára. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ti yí padà: "Àlàáfíà, Ìṣọ̀kan, Òmìnira" ni títí di 1978, kí ó tó di "Ìṣọ̀kan àti Ìgbàgbọ́, Àlàáfíà àti Ìtẹ̀síwájú". Ó dùn mí pé Òmìnira ni wọ́n yọ.

Ó wá ku òdòdó. Costus spectabilis ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko, ẹbí tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún wa ni. Ewé rẹ̀ mẹ́rin máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, òdòdó á sì yọ láàárín wọn. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán, pupa bí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń kùn ún. Nínú ọ̀dàn, bí èso ìyeyè tó pọ́n ni ó rí. Pupa náà sì ni àwọn àgbà wa ń pe méjèèjì! Ká ní Yorùbá ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà ni, ọmọ yìí ì bá gba máàkì rẹ̀.

Mo sọ fún un pé kò kùnà. Ó ní kí n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà kí olùkọ́ lè rí i. Mo kọ ọ́, "Ẹ jọ̀ọ́ sà" ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀.