Jàǹbá Ìtànṣán ní Abúlé Tokai, àti Ètò tí ó Yẹ kí Wọ́n ti Ṣe Ṣáájú

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1999, àwọn ará abúlé Tokai, ní ìpínlẹ̀ Ibaraki ní orílẹ̀-èdè Japan, jí sí iṣẹ́ oòjọ́ wọn. Etí òkun ni abúlé yìí wà, ó tó nǹkan bí 120 kìlómítà sí àríwá ìlà-oòrùn Tokyo tí í ṣe olú-ìlú. Bí a tilẹ̀ ń pè é ní abúlé, àwọn ènìyàn tí ó ń gbé ibẹ̀ ju 30,000 lọ. Àwọn kan ń gbin ìrẹsì àti ọ̀dùnkún. Ọ̀pọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ agbára átọ́ọ̀mù, nítorí pé abúlé yìí gan-an ni iná átọ́ọ̀mù ti kọ́kọ́ jó ní Japan, ní ọdún 1957. Ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ náà ni JCO. Kì í ṣe iná mànàmáná ni ó ń pèsè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti sọ yùréníọ̀mù di ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn yóò fi dáná, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń la igi fún àwọn tí yóò sè é.

Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù kan kọ mànà nínú yàrá kan ní ilé-iṣẹ́ JCO. Kò sí ariwo, kò sí èéfín, ògiri kò wó. Ẹni tí ó wà ní ìsọdá ọ̀nà kò lè mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìṣẹ́jú náà lọ ni ìtànṣán olóró ti bẹ̀rẹ̀ sí la ògiri kọjá sí ìta, kò sì dáwọ́ dúró fún nǹkan bí 20 wákàtí. Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí dá lé, kí a lè mọ ohun tí à ń pè ní ètò pàjáwìrì, àti ìdí rẹ̀ tí a fi ń ṣe é nígbà tí ara bá ṣì balẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a wo ààrò ìdáná. Bí igi tí iná wà lẹ́nu rẹ̀ bá dá wà, kò ní pẹ́ kú. Bí a bá kó igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lẹ́nu ààrò, iná yóò ran láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Obìnrin tí ó ń sè nǹkan kò sì ní da omi sí iná nígbà tí ó bá fẹ́ kí ó rọlẹ̀. Ṣe ni yóò fa igi sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni yùréníọ̀mù rí. Àwọn hóró kan tí ojú kò lè rí máa ń fò jáde láti inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n ní niutírọ́ọ̀nù. Bí hóró kan bá kọlu ẹ̀yọ yùréníọ̀mù mìíràn, ó lè là á sí méjì. Ooru àti ìtànṣán yóò jáde, hóró tuntun méjì tàbí mẹ́ta yóò sì tún fò jáde láti lọ la àwọn mìíràn. Bí yùréníọ̀mù náà bá kéré, tàbí bí ó bá wà nínú ohun èlò tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, púpọ̀ nínú àwọn hóró náà yóò sá jáde láìkọlu nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù lójú kan, nínú ohun èlò tí ó fẹ̀, yóò gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i. Omi tí ó bá yí ohun èlò náà ká tún máa ń dá àwọn hóró náà padà sínú, bí ògiri ààrò ti ń dá ooru padà sí ìdí ìkòkò. Kì í ṣe bọ́m̀bù, kò sì ní wó ilé. Iná tí kò ní ọwọ́ ni, tí ń jó ẹran ara láti òkèèrè.

Òfin ti sọ iye yùréníọ̀mù tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kìlógíráàmù 2.4, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin sì ti yan ohun èlò gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń falẹ̀ ní ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà wá kọ ìwé ìlànà tirẹ̀, èyí tí ìjọba kò fọwọ́ sí, tí ó gba àwọn òṣìṣẹ́ láàyè láti máa fi korobá irin po yùréníọ̀mù. Ní ọjọ́ jàǹbá yìí, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta gba ọ̀nà tí ó tún kúrú ju ti inú ìwé ìlànà náà lọ. Inú àgbá kan tí ó fẹ̀, tí omi ìtutù yí ara rẹ̀ ká, ni wọ́n ń da korobá wọn sí. Yùréníọ̀mù ọjọ́ náà sì lágbára ju èyí tí wọ́n sábà ń rí lọ, nítorí pé fún ẹ̀rọ ìwádìí kan ni wọ́n ṣe ń pèsè rẹ̀: agbára tirẹ̀ jẹ́ ìdá 18.8 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kì í sábà ju ìdá 5 lọ. Nígbà tí wọ́n ń da korobá keje, ohun tí ó ti wà nínú àgbá náà ju kìlógíráàmù 16 lọ. Ìgbà náà ni ìmọ́lẹ̀ kọ.

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn ọkùnrin mẹ́ta wọ̀nyí dáadáa ní ohun tí yùréníọ̀mù lè ṣe bí ó bá pọ̀ jọ. Méjì nínú wọn kú, ọ̀kan ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, èkejì ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, lẹ́yìn ìrora tí ẹnu kò lè ròyìn. Nítorí náà èmi kò rí ìdí tí a fi ní láti di ẹ̀bi náà rù wọ́n. Nígbà tí ó ṣe, ilé ẹjọ́ dá àwọn mẹ́fà lẹ́bi nínú àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà ní ọdún 2003, ìjọba sì ti gba ìwé àṣẹ ọwọ́ rẹ̀ kí ìgbà náà tó dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ètò pàjáwìrì nìyí. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ń tọrọ ìwé àṣẹ, ohun tí wọ́n gbà, tí ìjọba náà sì gbà, ni pé irú iná bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí kò lè ṣẹlẹ̀, ta ni yóò ṣe ètò dè é? Kò sí irinṣẹ́ tí ń ka niutírọ́ọ̀nù ní ojú ibi tí ó yẹ. Kò sí ohun tí wọ́n ti tò sílẹ̀ láti fi paná rẹ̀. Àwọn tí wọ́n gbé ọkọ̀ aláìsàn wá kò mọ̀ pé jàǹbá ìtànṣán ni a pè wọ́n sí, nítorí pé ẹni tí ó pè wọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọn kò wọ aṣọ ìdáàbòbò, ìtànṣán sì bà àwọn náà. Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó wá. Ní Tokai, igi náà ti dé ojú kí ẹnikẹ́ni tó wò ó.

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé yìí fún àwọn ẹlòmíràn, kí ó rọra kà á níbí, nítorí pé inú wákàtí wọ̀nyí ni ẹ̀kọ́ náà wà. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 35 ni iná náà bẹ̀rẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú 34 ni ìròyìn dé ọ́fíìsì ìjọba abúlé. Ó ti tó wákàtí kan. Ní aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán, ẹ̀rọ gbohùngbohùn abúlé kéde pé kí àwọn ará ìtòsí wọlé. Ìkéde náà dára fún àwọn tí ó jìnnà díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti àwọn tí ilé wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọgbà ilé-iṣẹ́ náà, ògiri pákó kò lè dá niutírọ́ọ̀nù dúró, bí asẹ́ kò ti lè dá omi dúró. Inú ilé wọn ni ìtànṣán ń bá wọn. Ní nǹkan bí aago méjì, àwọn òṣìṣẹ́ JCO fúnra wọn wá sí ọ́fíìsì abúlé, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí a kó àwọn ènìyàn wọ̀nyí kúrò.

Olórí ìjọba abúlé náà nígbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Tatsuya Murakami. Ìlànà tí ó bá nílẹ̀ ni pé kí olórí abúlé dúró de ìmọ̀ràn àwọn àgbà ìjọba. Ìmọ̀ràn náà kò dé. Bí ó bá lé àwọn ènìyàn kúrò nílé wọn, tí ó sì wá hàn pé kò sí ewu, yóò di ẹlẹ́yà. Bí ó bá dúró, tí ewu sì wà, kí ni yóò sọ fún àwọn òbí ọmọ? Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ó pàṣẹ fúnra rẹ̀ pé kí gbogbo ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàrin 350 mítà sí ilé-iṣẹ́ náà jáde. Àwọn tí wọ́n kó jáde jẹ́ 161. Ó di nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kí àwọn tí ó ní irinṣẹ́ tó wọn niutírọ́ọ̀nù ní ẹ̀bá ọgbà náà, tí ó fi hàn gbangba pé iná náà kò tíì kú. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ni ìjọba ìpínlẹ̀ tó ní kí àwọn 310,000 ènìyàn tí ó wà láàrin kìlómítà 10 má ṣe jáde. Reluwé dúró, ilé-ìwé sì tì ní ọjọ́ kejì.

Ní òru ọjọ́ náà, àwọn òṣìṣẹ́ 18 ni wọ́n yan láti wọ ibẹ̀, ní méjì-méjì tàbí mẹ́ta-mẹ́ta, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n lọ ṣe kò ju pé kí wọ́n fọ́ páìpù, kí omi tí ó yí àgbá náà ká lè ṣàn dànù. Ẹ rántí ògiri ààrò. Bí omi náà ti lọ tán, àwọn hóró náà bẹ̀rẹ̀ sí sá jáde, iná sì kú ní kété lẹ́yìn aago mẹ́fà òwúrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n da oògùn tí ó ní bórọ́ọ̀nù nínú sí i, nítorí pé bórọ́ọ̀nù máa ń gbé niutírọ́ọ̀nù mì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá ni àwọn 161 náà tó padà sí ilé wọn.

Ohun mẹ́ta ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ ìtànṣán tí ń ti ojú kan jáde: kí ó jìnnà sí i, kí ó má pẹ́ níbẹ̀, àti kí ohun tí ó nípọn wà láàrin wọn. Jíjìnnà ni ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá sún sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, ìtànṣán tí yóò bá a yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ọgọ́rùn-ún mítà péré fi lè sọ bóyá kí ẹbí kan jáde tàbí kí ó ti ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo jàǹbá ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1986, ní ilé-iṣẹ́ yùréníọ̀mù kan lẹ́bàá ìlú Gore, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, wọ́n rọ yùréníọ̀mù kún àgbá irin kan ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì gbé e sí ooru. Àgbá náà bẹ́, èéfín olóró tí ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró tú jáde, òṣìṣẹ́ kan sì kú. Irú èéfín yìí ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni, kò pẹ́ tí yóò fi kọjá, nítorí náà ẹni tí ó bá sáré jáde lè pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Irú ilé-iṣẹ́ kan náà ni ti Tokai àti ti Gore, síbẹ̀ ohun tí yóò gba ará Tokai là lè pa ará Gore. Ètò tí ó bá kàn sọ pé kí gbogbo ènìyàn sá, tàbí kí gbogbo ènìyàn wọlé, kò tíì di ètò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, ìjọba Japan ṣe òfin tuntun, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹfà ọdún 2000. Òfin náà ní kí ilé-iṣẹ́ tí jàǹbá bá bá kéde rẹ̀ kíákíá, kí olórí ìjọba orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ kéde pàjáwìrì bí ewu bá tóbi, kí a sì kọ́ ilé kan sí ìtòsí ibi tí àwọn aláṣẹ gbogbo yóò péjọ sí. Òfin dára, síbẹ̀, nígbà tí jàǹbá ńlá ti Fukushima dé ní oṣù Kẹta ọdún 2011, iná àti tẹlifóònù kú ní irú ilé bẹ́ẹ̀, ìtànṣán sì lé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jáde. Àwọn aláìsàn àti arúgbó tí wọ́n kó kúrò ní ilé ìwòsàn Futaba àti ilé ìtọ́jú tí ó so mọ́ ọn láìsí ètò tí ó yè kooro, èyí tí ó kú nínú wọn ju 40 lọ. Ìrìn-àjò àti àìsí ìtọ́jú ni ó pa wọ́n, kì í ṣe ìtànṣán.

Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná átọ́ọ̀mù kan wà ní Tokai bákan náà, tí à ń pè ní Tokai kejì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé ẹjọ́ ìlú Mito dájọ́ pé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́. Adájọ́ kò sọ pé ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́. Ohun tí ó wò ni pé nǹkan bí 940,000 ènìyàn ń gbé láàrin kìlómítà 30 sí i, ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 14, márùn-ún péré nínú wọn ni ó sì ti kọ ètò bí wọn yóò ṣe kó àwọn ènìyàn wọn jáde. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.