Ẹ̀kọ́ Ọ̀rọ̀: Tòrò Yàtọ̀ sí Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a ó yẹ̀ wò lóṣù yìí ni tòrò. Ẹ má fàmì sábẹ́ rẹ̀ o! Tọrọ ni ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan.

Ọ̀rọ̀ omi ni tòrò. Bí ènìyàn bá jí lọ sódò ní kùtùkùtù, kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ti sùn sílẹ̀ láti òru, omi mọ́ gaara, a sì ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń ṣàdúrà pé kí ayé wa tòrò bí omi àfòwúrọ̀pọn. Láti ibẹ̀ la ti ń sọ pé ilé tòrò, ìlú tòrò, àárín tọkọtaya tòrò. Òdìkejì rẹ̀ ni rú: omi rú, ìlú dàrú. A kì í sábà sọ pé Lágbájá tòrò. A ó ní ó farabalẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í lò ni pé wọ́n rò pé tòrò àti dákẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ bi àwọn ènìyàn wa ní Ìwópin, ní Ogun Waterside. Lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, ọ̀sà á dákẹ́ rọ́rọ́, ọkọ̀ á máa lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti wọ́ ẹrẹ̀ wá láti òkè, ẹ ò ní rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ ni, kò tòrò.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sínú ẹgbẹ́. Ìpàdé ń bẹ tí gbogbo ilé á pa lọ́lọ́, akápò á ka iye owó, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á túká, wọ́n á ní "ẹgbẹ́ wa tòrò." Ṣé wọ́n rí ìsàlẹ̀? Onídùúró tó tẹ̀ka sí ìwé ẹ̀yáwó, tí kò béèrè gbèsè tó ti wà lọ́rùn ẹni tó ń dúró fún, òun náà dákẹ́ ni. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti ọdún 1935, ti pàṣẹ pé kí á máa yẹ ìwé owó ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣí ìwé kò rú omi o, ìsàlẹ̀ ló fẹ́ rí.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ mú káàdì yín dání, ká fi wé ìwé akọ̀wé.