Kí oníṣẹ́ àdìrẹ tó sanwó fún lógò: Bí àmì ìdánimọ̀ ṣe lè gba ọjà lọ́wọ́ ayédèrú

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kéékèèké ló gbà pé ilé ìfowópamọ́ àti àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá nìkan ló nílò àmì ìdánimọ̀, ìyẹn ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní lógò. Lójú tiwọn, ẹni tó ń pa aṣọ láró, tó ń ránṣọ tàbí tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti tó láti máa polówó fún un. Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́ nígbà tí oníbàárà mọ ilé aláró, tó sì mọ orúkọ ìyá tó ń ta aṣọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta lásìkò yìí yóò rí i pé nǹkan ti yí padà.

Àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe àti aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí lára nílẹ̀ Ṣáínà ló jọ ń du oníbàárà. Ẹni tó fi ọwọ́ ṣe tirẹ̀ ti ra aṣọ funfun, ó ti ta á níko tàbí kó fi ẹ̀kọ ya ọnà sí i, ó ti rì í sínú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó ti sá a gbẹ. Aṣọ ẹ̀rọ kò mọ gbogbo wàhálà yìí, ìdí nìyẹn tó fi dínwó. Oníbàárà tó ti Èkó wá, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí ẹ̀yìn aṣọ wò bóyá aró wọnú rẹ̀ dáadáa, èyí tó bá pọ́ọ́kú lójú rẹ̀ ló máa gbé lọ. Aláró ló pàdánù, nítorí kò sí ohunkóhun lára aṣọ rẹ̀ tó sọ pé òun ló ṣe é. Ibi tí ọ̀rọ̀ lógò ti di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn.

Kì í ṣe pé àwọn ìyá aláró ayé àtijọ́ kò mọ bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo bátànì tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tó ní àwòrán àwọn òpó Màpó Hall, ilé tí wọ́n ṣí n'Íbàdàn lọ́dún 1929. Ẹni tó bá mọ àdìrẹ, tó bá ti rí òpó yẹn lára aṣọ, ti mọ orúkọ rẹ̀ láìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni bátànì Olókun. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bátànì jẹ́ ti gbogbo aláró. Kò sí bí ẹnì kan ṣe lè gbé Ìbàdàndùn odidi ṣe lógò, kó wá retí pé kí àwọn aládùúgbò òun má yà á mọ́. Ohun tí oníṣòwò ń wá ni àmì tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Lógò nìkan kọ́ sì ni ìdánimọ̀. Orúkọ wà níbẹ̀, àwọ̀ wà níbẹ̀, irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ orúkọ náà wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá rí àwọ̀ yẹ́lò MTN lókèèrè, kó tó ka ohun tí wọ́n kọ ló ti mọ ẹni tó ni pátákó. Kì í ṣe pé yẹ́lò dára ju àwọ̀ mìíràn lọ. Wọ́n lo ọ̀kan náà níbi gbogbo ni. Aláró tí pátákó rẹ̀ jẹ́ pupa, tí náílọ̀n rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, tí àwòrán WhatsApp rẹ̀ sì jẹ́ fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ní.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí oníṣòwò fẹ́ kó gbogbo nǹkan sínú lógò kan. Yóò ní kí wọ́n ya ìkòkò aró, kí wọ́n ya obìnrin tó gbé igbá, kí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n fi ń ya ẹ̀kọ wà lápá kan, kí nọ́ńbà fóònù sì wà nísàlẹ̀. Ó lè wuyì lójú kọ̀ǹpútà. Àmọ́ ibi tí lógò oníṣẹ́ aṣọ ti máa ṣiṣẹ́ jù ni lébù tí wọ́n ń rán mọ́ etí aṣọ, tí ìbú rẹ̀ lè má ju íǹṣì kan lọ, àti róbótó àwòrán kékeré orí WhatsApp. Tí wọ́n bá sọ gbogbo ẹrù yẹn di íǹṣì kan, ó di àbàwọ́n. Ìyẹ́ adìyẹ yẹn nìkan ti tó, tàbí lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ oníṣòwò tí wọ́n yà bí ẹni fi ẹ̀kọ yà á. Kí oníṣòwò tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ayàwòrán, kí ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní íǹṣì kan, ní dúdú nìkan. Tí kò bá ṣeé dá mọ̀ níbẹ̀, kò tíì tán.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún kan àpò. Àwọn tó ń fi síkírínì tẹ náílọ̀n àti lébù, síkírínì ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ lọ́tọ̀. Lógò aláwọ̀ mẹ́rin, síkírínì mẹ́rin ni. Ẹni tó ń ta àdìrẹ kò sì ní wàhálà níbí, àwọ̀ ẹlú nìkan lórí aṣọ funfun ti jẹ́ tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Èló ló yẹ kí wọ́n san? Lọ́dún 1971, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nílẹ̀ Amẹ́ríkà, Carolyn Davidson, ló ya àmì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ bàtà Nike, dọ́là 35 ni wọ́n sì san fún un. Ẹni tó gbé iṣẹ́ náà fún un, Phil Knight, kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀ nígbà náà. Lọ́dún 1983 ni iléeṣẹ́ náà tún fún un ní òrùka àti ìpín ìdókòwò. Kí ẹnikẹ́ni má wá fi ìtàn yìí já owó ayàwòrán lulẹ̀ o. Bàtà tí wọ́n ń ṣe àti ọdún tí wọ́n fi lo àmì kan náà ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò bínú sí ju iye owó lọ ni ohun tí wọ́n kó fún un lẹ́yìn tó sanwó. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán, yálà ní Ṣómólú tàbí ibòmíràn, CorelDRAW ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fọ́tò JPEG kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Fọ́tò yẹn kò ṣeé fẹ̀ fún báńà, yóò rí bàìbàì. Kí oníṣòwò béèrè fáìlì CorelDRAW gan-an, kó gba PDF, kó sì gba PNG tí kò ní funfun lẹ́yìn. Kí ó tún gba ìwé. Òfin kópíráìtì ilẹ̀ wa, ti ọdún 2022, kò sọ pé ẹni tó sanwó ló ni àwòrán; ẹni tó yà á ló kọ́kọ́ ni ín, àyàfi tí àdéhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn. Ìlà méjì lórí bébà, tí ayàwòrán fọwọ́ sí, pé òun ti gbé ẹ̀tọ́ orí lógò náà fún oníṣòwò, ti tó láti dènà ẹjọ́ ọjọ́ iwájú.

Tí oníbàárà bá sì ti wá mọ àmì kan, kí wọ́n má kàn yí i padà nítorí pé ó ti sú olówó rẹ̀. Lọ́dún 2009, àwọn tó ni ọtí ọsàn Tropicana ní Amẹ́ríkà yọ àwòrán ọsàn tó ní sitirọ́ọ̀ kúrò lára páálí wọn. Láàárín oṣù méjì péré, títà rẹ̀ já wálẹ̀ ní ìdá 20 nínú 100, ni wọ́n bá dá páálí àtijọ́ padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìforúkọsílẹ̀. Àwọn kan rò pé nígbà tí àwọn ti gba ìwé orúkọ òwò lọ́dọ̀ CAC, lógò àwọn ti wọ ààbò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì tréèdìmáàkì l'Abùjá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó okòwò, ló ń forúkọ àmì sílẹ̀, ìsọ̀rí ọjà kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sí lọ́tọ̀: aṣọ tí wọn kò tíì rán wà ní ìsọ̀rí 24, èyí tí wọ́n ti rán sì wà ní 25. Orúkọ tó kàn sọ ohun tí wọ́n ń tà àti ìlú tí wọ́n ti ń tà á, bíi "Àdìrẹ Abẹ́òkúta", yóò ṣòro láti gbà, torí gbogbo aláró ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbé àmì náà jáde nínú ìwé ìròyìn ọ́fíìsì náà, oṣù méjì ni wọ́n fi ń dúró wò bóyá ẹnikẹ́ni máa takò ó. Tí kò bá sí, ọdún méje ni ìwé àkọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ ọ́ di ọ̀tun ní ọdún 14, 14.