Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìmọ̀ràn Lórí Hard Drive Kejì fún Ẹni Tó Ń Ṣe Fídíò

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò jẹun ní Challenge àti káàkiri Ìbàdàn: ẹ̀yin tí ẹ ń ya ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà, ìkómọjáde àti ìsọjí ní òpin ọ̀sẹ̀, tí ẹ wá ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ Ajé títí oníbàárà yóò fi máa pè pé iṣẹ́ òun dà. Ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń lò, hard drive kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni Windows wà, orí rẹ̀ ni Premiere tí ẹ fi ń gé fídíò wà, orí rẹ̀ náà ni ẹ da gbogbo àwòrán òde Sátidé sí. Bó bá wá ń fà, tí àwòrán ń dúró tó tún ń lọ, ẹ ó ní ẹ̀rọ ti gbó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ kò gbó. Ọ̀nà ló há.

Ẹ wo oríta Challenge ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ Ring Road ń bọ̀, ti Toll Gate ń bọ̀, ti New Garage náà ń bọ̀, gbogbo wọn fẹ́ gba ojú kan kọjá. Ọkọ̀ kankan lè má bàjẹ́ níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí èyí tó ń rìn. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún hard drive kan tí iṣẹ́ mẹ́ta ń dà gìrọ́gìrọ́ lé lórí. Windows ń ka nǹkan tirẹ̀, Premiere ń ka àwòrán kámẹ́rà méjì tàbí mẹ́ta, ó sì tún ń kọ àwọn fáìlì kéékèèké tó fi ń rántí ibi tí iṣẹ́ dé. Nínú hard drive oníàwo, apá kan náà ló gbé gbogbo orí tó ń kà tó sì ń kọ. Ibi kan ló lè wà lẹ́ẹ̀kan. Bó bá ti ń fò láti ibi kan dé ibòmíràn, ó ń lo nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kéré létí, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣe ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹ ó mọ ibi tí òru yín ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ bí ẹrù náà ṣe wúwo tó. Iṣẹ́ àwòrán kì í ṣe àlejò ní Ìbàdàn: níbí ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù October 1959, nígbà ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà, ní 1956, ni IBM gbé hard drive àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Àwo àádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, ohun tó sì lè gbà kò ju nǹkan bí 5MB lọ. Kámẹ́rà 4K tó ń gba 100 megabit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń jẹ 12.5MB láàárín ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Kí alága ìjókòó tó sọ pé "ẹ káàbọ̀" tán, ẹ̀rọ ńlá ọjọ́ náà ti kún.

Wákàtí kan irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ́ 45GB. Kámẹ́rà mẹ́ta fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 540GB. Kódà bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí Full HD ní 50 megabit, 270GB ni òde kan ṣoṣo. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Laptop oní-512GB tí Windows àti àwọn irinṣẹ́ yín ti jẹ lára rẹ̀ kò lè gba òde kan 4K tán, ká má tíì sọ ti òde mìíràn tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Síbẹ̀, kí ẹ tó náwó, ẹ yẹ ara ẹ̀rọ wò, nítorí orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ ṣí Task Manager nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Bí ibi tí wọ́n kọ Disk sí bá dúró sí 100% tí CPU sì rọra ń mí, hard drive ni ìṣòro yín, èkejì yóò sì wúlò gan-an. Bó bá jẹ́ CPU tàbí RAM ló kún dẹ́nu, hard drive kejì kò ní mú kí export yá. Bó bá jẹ́ RAM, ẹ wá RAM kún un; bó bá jẹ́ CPU, ẹ sọ àwòrán di proxy, ẹ̀dà kékeré tó fúyẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Bó bá jẹ́ hard drive ló ń yín yín lọ́rùn, bí a ṣe ń pín iṣẹ́ nìyí. Kí àkọ́kọ́ máa gbé Windows àti àwọn irinṣẹ́ nìkan. Kí èkejì máa gbé àwòrán tí ẹ ń gé lọ́wọ́. Fáìlì kéékèèké tí Premiere ń kọ, tó pè ní Media Cache, ẹ lè yí ibi tó ń lọ padà nínú Preferences. Ti DaVinci Resolve wà nínú Project Settings. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ SSD (irú tí kò ní àwo tó ń yí nínú), cache lè wà lórí rẹ̀ bí àyè bá wà. Bó bá jẹ́ oníàwo tó ti rẹ̀, ẹ kó o lọ sórí èkejì tó yára. Ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí kún ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, torí bí àyè bá ti tán, ìrìn a máa wúwo.

Irú wo ni ká rà? Oníàwo tó ń yí ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan lè ka nǹkan bí 150 sí 200MB ní ìṣẹ́jú-àáyá bí fáìlì bá tò tẹ̀léra. Bó bá ń fò kiri, ó ń wálẹ̀ gan-an. SSD tí a ń fi cable SATA so ń ka bí 550MB, kò sì ní ohunkóhun tó ń yí nínú. SSD irú NVMe, tó rí pẹlẹbẹ bíi chewing gum, lè ka 3,500MB àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ràn mi nìyí: ẹ ra SSD fún iṣẹ́ ọwọ́, ẹ ra oníàwo ńlá fún ìpamọ́. Oníàwo ló dín owó jù fún TB kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, SSD tí a jù sínú dúróà fún ọdún púpọ̀ láìfún un níná lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Níbi ìrajà, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bóyá Challenge lẹ ti rà á, bóyá Dùgbẹ̀ tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, ọjà tòkunbọ̀ pọ̀ níta, ẹlòmíràn a sì nù ún títí yóò fi máa dán bíi tuntun. Ẹ ní kí olùtajà so ó mọ́ ẹ̀rọ níwájú yín, kí ẹ fi irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ CrystalDiskInfo wò ó. Ẹ wo Power On Hours: ọdún kan gbáko tí a kò paná rẹ̀ jẹ́ wákàtí 8,760, nítorí náà èyí tó bá ti lé ní 30,000 ti ṣiṣẹ́ kárakára kó tó dé ọwọ́ yín. Bí wọ́n bá kọ Caution síbẹ̀, tàbí tí Reallocated Sectors kì í ṣe òdo, ẹ dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fún èyí tó ń lo USB, irinṣẹ́ tí ń jẹ́ H2testw yóò kọ nǹkan kún inú rẹ̀, yóò sì tún kà á padà, ẹ ó sì mọ̀ bí 2TB tí wọ́n kọ sára rẹ̀ bá jẹ́ òótọ́. Ẹ má sì bá olùtajà jà bí 1TB bá hàn bíi 931GB. Ọ̀nà tí Windows ń gbà ṣírò ló fà á, kì í ṣe jìbìtì.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí kọ̀ǹpútà wò kí ẹ tó lọ rajà: ṣé ojú SATA kan ṣì ṣófo lórí bọ́ọ̀dù? Ṣé wáyà iná kan ṣì kù lára power supply? Bí ihò M.2, èyí tí SSD pẹlẹbẹ ń wọ̀, bá wà, ẹ wádìí bóyá SATA tàbí NVMe ló ń gbà, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gba méjèèjì.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ tẹ bọ́tìnnì iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìyókù iná inú rẹ̀ lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ara ń ta páńpán. Ẹ ti hard drive sí àyè rẹ̀, ẹ fi nọ́ọ̀tì mú un kó má gbọ̀n. Wáyà méjì ló kù: tínńrín tó ń gbé fáìlì lọ sórí bọ́ọ̀dù, àti fífẹ̀ tó ń gbé iná wá. Ẹnu méjèèjì tẹ̀ bíi lẹ́tà L, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Bí kò bá wọlé, ẹ yí i padà; ẹ má fi agbára tì í, nítorí ike ẹnu rẹ̀ a máa kán, bó bá sì kán, ọjà tuntun ti di ìṣòro.

Ẹni tó ń lo laptop náà kò dá wà. Àwọn tó ní àyè DVD, a lè yọ DVD, ká fi caddy gbé hard drive síbẹ̀. Bí kò bá sí, SSD tí a ń so mọ́ ọn láti ìta yóò ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ojú USB 3.0 ni kí ẹ kì í bọ̀, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. USB 2.0 kò lè gbé ju nǹkan bí 35MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá, yóò sì sọ ohun olówó iyebíye di ìgbín.

Bí ẹ̀rọ bá ti tàn, ẹ lè má rí hard drive tuntun náà. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ lọ sí Disk Management, ẹ yan GPT, torí MBR kò lè lò ju 2TB lọ, ẹ ṣe New Simple Volume, ẹ yan NTFS. Ẹ fún un ní lẹ́tà tirẹ̀, bíi V, kó sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí lọ. Bí lẹ́tà bá ń yí padà, Premiere yóò máa pariwo pé òun kò rí àwòrán mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ hard drive àtijọ́ tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ ni Windows ní kí ẹ format, ẹ sọ pé rárá, kí ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣe é gbójú fò ní ìlú wa. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ fáìlì lọ́wọ́, fáìlì náà lè bàjẹ́. UPS kékeré tó fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi pamọ́ kí ẹ sì paná wúlò ju ọ̀pọ̀ ohun ọ̀ṣọ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an ti dé. Hard drive kejì ń mú iṣẹ́ yá. Kì í ṣe ìpamọ́. Méjèèjì wà nínú àpótí kan náà, iná kan náà ló ń bọ́ wọn, olè kan náà ló lè gbé wọn. Ní 1998, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pixar ń ṣe fíìmù Toy Story 2, ẹnì kan fún kọ̀ǹpútà ní àṣẹ tí kò yẹ, iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́ lójú wọn. Wọ́n sáré lọ síbi ẹ̀dà, wọ́n bá a pé ẹ̀dà náà ti ń kùnà láìsí ẹni tó mọ̀. Galyn Susman, ọ̀kan lára àwọn àgbà iṣẹ́ náà, ló kó wọn yọ: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì ní ẹ̀dà kan nílé kó lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé kọ̀ǹpútà rẹ̀, wọ́n rọra fi mọ́tò gbé e dé ibi iṣẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ ńlá bá lè bọ́ sínú ìyẹn, kí ni ti ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan?

Ìlànà tí àwọn tó mọ iṣẹ́ ń tẹ̀lé ni ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan má gbé ilé kan náà pẹ̀lú ìyókù. Ọ̀kan lórí hard drive iṣẹ́, ọ̀kan lórí oníàwo tó wà nínú dúróà, ọ̀kan ní ilé yín tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì nu memory card kí ẹ tó ṣí ẹ̀dà wò kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, kì í ṣíwájú rẹ̀.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó sin bàbá rẹ̀ lánàá kò lè tún un sin kí ẹ lè rí àwòrán yà. Ìyá ìyàwó tó jó lọ́jọ́ náà lè má sí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Owó ni wọ́n san fún yín, ṣùgbọ́n ìrántí ẹbí wọn ni wọ́n fi sí yín níkàáwọ́. Nítorí náà, kí òde Sátidé tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ka iye ibi tí iṣẹ́ oníbàárà yín tó gbẹ̀yìn wà. Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo, ẹ má gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn títí yóò fi pé mẹ́ta.