Àbúrò Mi, Kí O Tó Ra Jíìpù Àgbà

Àbúrò mi, mo gbọ́ pé o ti ń wo ọkọ̀. Ó yé mi. Ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú kì í dúró de awakọ̀. Bí ó bá lò tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta nílẹ̀, inú rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í dú, àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ á sì dá iye tó wù wọ́n lé e. Nígbà òjò, ẹni tó ní ọkọ̀ kékeré á wo ọ̀nà oko lẹ́yìn Lálúpọn tàbí Àkánrán, á ní òun ò lọ. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí kì í ṣe tòní. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, tí Tàfá Adéoyè ń darí wọn láti Àkánrán, títún ọ̀nà abúlé ṣe wà lára ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ìjọba. Nítorí náà, mi ò ní ní kí o má ra jíìpù àgbà. Bí owó tó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe máa tó o ni mo fẹ́ bá ọ sọ.

Kí o tó jáde nílé, pín owó náà sí mẹ́ta. Ìdá kan ni kí o fi ra ọkọ̀. Ìdá méjì yòókù, má fọwọ́ kàn án, àtúnṣe ló wà fún. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìdá kan yẹn kò tó, kí i dáadáa, kí o máa lọ. Owó àjọ tàbí ti alájẹṣẹ́kù dára fún irú iṣẹ́ yìí. Owó èlé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò dára rárá, nítorí ọkọ̀ lè jókòó sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta, èlé kò ní bá a jókòó.

Land Rover àtijọ́ ni mo fẹ́ràn jù fún oko. Ìbàdàn tiwa yìí ni ilé-iṣẹ́ Leyland ti ń to ó pọ̀ nígbà kan, o ṣì lè rí àgbà mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Ọdún 1948 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irin wọ́n wọn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, alumíníọ̀mù ni wọ́n sì fi ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi lè rí èyí tó ti gbó, tí ara rẹ̀ kò sì jẹrà. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó ń tà á ti ń rí àwọn èèyàn mú. Ṣásísì rẹ̀, irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, kì í ṣe alumíníọ̀mù. Irin ni, ó sì ń dípẹtà láti inú wá, pàápàá lápá ẹ̀yìn àti níbi tí omi ń dúró sí.

Mú òòlù kékeré àti sukurudírafà dání. Tẹ́ àpò sílẹ̀, kí o wọ abẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ. Má jẹ́ kí aṣọ dá ọ dúró. Máa kan irin náà díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti jẹrà, ohùn rẹ̀ á kú, ìpẹtà á sì máa já bọ́ sí ọ lójú, nítorí náà fi awò sójú. Gún ibi tó bá dún báyẹn. Bí sukurudírafà bá wọlé, jórinjórin gbọ́dọ̀ gé irin tó ti kú kúrò kí ó tó jó tuntun mọ́ ọn. Ihò kan méjì kò burú. Bí gbogbo ẹ̀yìn bá ti rí bẹ́ẹ̀, fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń dún dáadáa.

Bí o kò bá rí Land Rover, Hilux àtijọ́ dára, páàtì rẹ̀ sì wà káàkiri. Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 ń ṣe bẹbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń fà á. Nínú ẹrẹ̀, ìwọ àti àwọn ọmọ abúlé lẹ máa tì í.

Ọ̀rọ̀ kan ẹ́ńjìnì. Àárọ̀ ni kí o lọ, kí wọ́n tó tan ọkọ̀ rárá. Fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde: bí ọ́ìlì bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti bá a pò. Ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí wọ́n wá tan ọkọ̀. Bí ìfóófòó bá ń yọ lera lera nínú omi, tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti lọ tàbí orí ẹ́ńjìnì ti là. Èéfín aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Èéfín dúdú, epo ló ń fi ṣòfò, o sì mọ iye tí epo di láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ kúrò ní May 2023. Àwọn kan á ní kí o yọ ẹ́ńjìnì àtijọ́ náà sọnù, kí o fi ti Toyota tòkunbọ̀ sí i. Ó ṣeé ṣe, ó sì lè dín epo kù, ṣùgbọ́n má gbà títí tí ẹni tó fẹ́ ṣe é yóò fi mú ọ lọ wo èyí tó ti ṣe tó ṣì ń rìn. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà nínú ìwé ọkọ̀. Bí o bá pààrọ̀ rẹ̀, tún ìwé ṣe, kí ọlọ́pàá má baà sọ ọ́ di olè lójú ọ̀nà.

Bí o bá ti rà á, bíréèkì ló kàn, kì í ṣe ọ̀dà. Tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ dúró lórí rẹ̀. Bí ó bá ń rì díẹ̀díẹ̀, ó ń jò níbì kan. Gbogbo rọ́bà bíréèkì tó ti sán, pààrọ̀ wọn, kí wọ́n sì da ọ́ìlì bíréèkì àtijọ́ nù pátápátá, torí ó máa ń fa omi mọ́ra bí ó bá pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sítíárìn, rédíétọ̀, táyà. Bí o bá ń ra táyà, wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o ka nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi dídán táyà tàn ọ́.

Ohun tí mo máa fi kún un ni iná iwájú LED, bẹ́líìtì ìjókòó, irin tí a ń ta tapólì lé, okùn tó nípọn àti ṣọ́bìrì. Kí ọ̀dà dúró títí wàá fi kó ẹrù tà.

Lọ sí ọjà páàtì Ararọ̀mí ní Gate, n'Ìbàdàn, fúnra rẹ, kí o mú páàtì tó bàjẹ́ dání kí o lè fi wé tuntun. Páàtì tí mẹkáníìkì bá yọ, ní kó kó o fún ọ. Má san gbogbo owó iṣẹ́ ṣáájú. Bọ̀wọ̀ fún un, pè é ní ọ̀gá, ṣùgbọ́n kọ gbogbo ohun tí ẹ bá sọ sínú ìwé lójú rẹ̀. Kí n sì sọ èyí sí ọ létí: bí owó bá jẹ́ tìrẹ, orúkọ rẹ ni kó wà nínú ìwé ọkọ̀. Kì í ṣe ìjà.

Nínú Land Rover àtijọ́, wàá rí ọwọ́ jíà kékeré méjì, olórí yẹ́lò àti olórí pupa. Yẹ́lò ni kí o tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa fà. Pupa wà fún ẹrẹ̀ tó jinlẹ̀ tàbí òkè tó ga: dúró, fà á sẹ́yìn, kí o wá rọra wọ̀ ọ́. Bí o bá ti gun títì olọ́dà, yọ méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ jíà á máa jẹ ara wọn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa bẹ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ sí ọjà Bódìjà, àwọn obìnrin abúlé á fẹ́ gun orí ẹrù rẹ, wọ́n á sì ní ẹni wa ni ọ́. Má gbà. Iye èèyàn tí ìjókòó àti bẹ́líìtì bá gbà ni kí o gbé. Padà wá gbé àwọn yòókù.