Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWỌN ỌMỌ ẸGBẸ́: Kí A Tó Yáwó Láti Fi Ra Ínfátà Tó Tóbi Jù Bẹ́ẹ̀ Lọ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìwé ìṣirò owó bí a ti máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ iná ni, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni. Ní Àgége, ní Ọ̀gbà, ní Ìjù àti ní ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní ọ̀nà Ọba Akran, ọ̀pọ̀ wa ló ti ní ínfátà kékeré kan tó ń tan gílóòbù, tó sì ń yí fáànù. Ohun tí a wá ń fẹ́ báyìí ni kí ó máa gbé ohun èlò ilé ìdáná: bulẹ́ńdà, fíríìjì, kẹ́tùlù oníná, àní síítófù oníná pàápàá.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò ṣe é tàn bí ti àtijọ́ mọ́. Ti NEPA ńkọ́? (Orúkọ yìí kò kúrò lẹ́nu wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti di PHCN láti ọdún 2005, tí wọ́n sì fi pípín iná lé àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́ ní 2013.) Ọdún 2020 ni wọ́n pín àwọn àdúgbò sí ìsọ̀rí: ìsọ̀rí A ni ó yẹ kí ó máa rí iná fún wákàtí 20 lójúmọ́, ìsọ̀rí E wákàtí 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó ìsọ̀rí A fò sókè dé náírà 225 fún yúnìtì kan.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá kan ń ta mọ́ínmọ́ín àti ohun mímu tútù nítòsí Pen Cinema. Ó ní ínfátà 1 KVA àti bátìrì olómi kan ṣoṣo, oní-12 fóòtì, 200 áńpíà-wákàtí. Ó fẹ́ máa fi lọ ẹ̀wà, ó fẹ́ kí fíríìjì máa ṣiṣẹ́ lóru, ó sì fẹ́ máa fi síítófù oníná se mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó ń ta ínfátà ní kí ó ra 3.5 KVA, pé wàhálà ti tán nìyẹn. Màmá bá wá sí ẹgbẹ́ láti yáwó, ènìyàn méjì sì gbà láti ṣe onídùúró fún un.

Ṣé wàhálà ti tán lóòótọ́? Ẹ gbọ́ ná. Ínfátà kì í ṣe jẹnẹrétọ̀, kì í ṣẹ̀dá iná. Bí ẹnu ìgò ni ó rí. Bátìrì ni ìgò fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ ẹnu ìgò lójú sí i kò tíì bu omi kún inú rẹ̀. Ṣe ni omi tó wà níbẹ̀ yóò tètè tán.

Ẹ mú bírò. Ẹ fi 12 sọ 200 di púpọ̀, ẹ ó rí 2,400. Iye wáàtì-wákàtí tó wà nínú bátìrì màmá nìyẹn. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí a fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wa, nítorí náà 1,200 ló kù. Ínfátà àti wáyà yóò jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ kúkú gbà pé 1,000 ni màmá ní láti ná lálẹ́ kan.

Bulẹ́ńdà oní-500 wáàtì tó lọ ẹ̀wà fún ìṣẹ́jú 6 jẹ 50 péré. Fíríìjì kékeré lè jẹ nǹkan bí 400 láti alẹ́ dé òwúrọ̀, nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń sinmi. Gílóòbù LED márùn-ún, oní-10 wáàtì, fún wákàtí 5, jẹ́ 250. Gbogbo rẹ̀ papọ̀ kò ju 700 lọ. Bátìrì tó wà nílẹ̀ tó o! Ṣùgbọ́n síítófù oníná oní-1,000 wáàtì, ní wákàtí kan péré, ti gbá gbogbo rẹ̀ lọ. Kò tilẹ̀ ní í pé wákàtí kan, nítorí pé 200 tí wọ́n kọ sára bátìrì jẹ́ ti ẹni tó ń fà á díẹ̀díẹ̀, bí áńpíà 10 fún wákàtí 20. Ẹni tó bá ń fà á tipátipá kì í rí gbogbo rẹ̀ gbà. Mọ́ínmọ́ín lè má tíì jinná, fíríìjì sì ti kú.

Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú nìyí: ohun tó ń yí àti ohun tó ń gbóná kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Bulẹ́ńdà, fáànù àti fíríìjì ń yí. Síítófù, áyọ́ọ̀nù àti kẹ́tùlù ń gbóná, ọ̀jẹun sì ni wọ́n. Kẹ́tùlù sàn díẹ̀, nítorí pé kì í pẹ́: lítà kan àbọ̀ omi yóò hó lórí nǹkan bí 150 wáàtì-wákàtí. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè 2,000 wáàtì lẹ́ẹ̀kan náà, ínfátà kékeré kò sì ní í gbé e. Ẹ ṣọ́ra fún máíkírówéèfù pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n kọ 700 sí lára lè máa fa ju 1,000 lọ, ooru tó ń fún oúnjẹ ni wọ́n kọ, kì í ṣe iná tó ń jẹ.

Kí ló wá yẹ màmá? Fíríìjì tó ń jẹ 150 wáàtì lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá ń gbéra. Ínfátà 1 KVA kò ju nǹkan bí 800 wáàtì lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi lè máa pariwo kí ó sì kú. Bí ó bá ra 1.5 KVA tòótọ́ tó ń lo 12 fóòtì, tí wọ́n kọ "pure sine wave" sí lára, ó ti bọ́. Àwọn tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí mọ́tò fíríìjì gbóná kí ó sì máa kùn. Mo ní kí ó jẹ́ tòótọ́, nítorí pé èmi tí mò ń kọ èyí ti ra ọ̀kan rí tí wọ́n kọ 2,000 sí lára gàdàgbà. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé iye tó lè gbé fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni 2,000 náà. 1,000 ni ó lè gbé pẹ́. Mo san owó náà tán kí ojú mi tó là.

3.5 KVA tí wọ́n ní kí màmá rà sábà máa ń lo 24 fóòtì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni pé ó di dandan kí ó ní bátìrì méjì, ó kéré tán, kò sì dára kí a so bátìrì àtijọ́ pọ̀ mọ́ tuntun, nítorí àtijọ́ ni yóò fa tuntun ṣubú. Ẹni tó ń tajà kò mẹ́nu kan èyí.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń gbé inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe ilé mọ èyí dáadáa, bátìrì 12 fóòtì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ fi 12 pín 1,200 wáàtì: áńpíà 100 ni, bí a bá sì ka èyí tó ń ṣòfò, ó tó 115. Ní 24 fóòtì yóò jẹ́ ìdajì, ní 48 ìdá mẹ́rin. Wáyà tí a fi ń so súkẹ́ẹ̀tì inú ilé kò lè gba áńpíà 115. Yóò gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ yóò yọ́, iná yóò sì sọ. Wáyà tó nípọn bí ti àwọn wẹ́dà ni kí ẹ lò, 35 ó kéré tán, kí ó má sì gùn. Kí fíùsì wà níbi tí wáyà ti kúrò lórí bátìrì gan-an.

Ẹ má gbé bátìrì olómi sí ilé ìdáná, bí ó ti wù kí àyè há tó. Bí a bá ń rọ iná sínú rẹ̀, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó lè bú gbàù bí iná bá kàn án. Ẹ má sì ki iná ínfátà bọ súkẹ́ẹ̀tì ara ògiri láti fi tan gbogbo ilé: ẹni tó ń tún wáyà NEPA ṣe lójú pópó lè kú síbẹ̀.

Kí ẹ tó fi bátìrì kún bátìrì, ẹ wo wákàtí iná àdúgbò yín. Bí màmá bá fa áńpíà-wákàtí 100, tí ohun tó ń rọ iná padà sì ń fi 20 wọlé, wákàtí 5 kò tó, nítorí pé ó máa ń lọ́ra sí ìparí. Ó lè tó 7. Ní àdúgbò oníwákàtí 4, bátìrì kejì kò ní í kún láé, bátìrì tí kì í kún sì máa ń tètè bàjẹ́. Bátìrì lithium ṣe é fà kọjá ìdajì, ó sì ń pẹ́ ju olómi lọ, àmọ́ ó gbówó lórí.

Èrò tèmi ni pé kí màmá yá owó 1.5 KVA, wáyà àti fíùsì, kí ó sì fi díẹ̀ kún un láti ra sílíńdà gáàsì tí yóò máa fi se mọ́ínmọ́ín. Owó náà yóò kéré sí èyí tó kọ́kọ́ béèrè dáadáa, àwọn onídùúró rẹ̀ yóò sì lè sùn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ÌPÀDÉ

1. Ẹ ka iye wáàtì tó wà lára ohun èlò mẹ́ta nínú ilé yín. Èwo ló ń yí, èwo ló ń gbóná?

2. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní bátìrì méjì irú ti màmá, ó sì fẹ́ fi áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì lọ aṣọ fún wákàtí mẹ́ta lójúmọ́. Ṣé yóò tó?

3. Ṣé ó yẹ kí ìgbìmọ̀ owó yíyá wa máa béèrè irú ìṣirò yìí lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ yáwó ra ínfátà, tàbí kí á fi í sílẹ̀ fún un?